Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́: bọ́ọ̀lù àwọn àgbà ológun ní Zanguéra

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kpalimé jáde ní Lomé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó kọjá Adidogomé, tó ń wọ Zanguéra, á mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Kí oòrùn tó mú rárá, àwọn ènìyàn á ti pé sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn tó wà nínú pápá kì í ṣe ọmọdé. Orí ẹlòmíì ti funfun, ikùn ẹlòmíì ti yọ síwájú díẹ̀, ẹlòmíì ti ní ọmọ-ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sáré! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ adájọ́! Àwọn vétéran nìyẹn.

Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù àwọn àgbà yìí, ọ̀kan wà tó máa ń gbóná ju ìyókù lọ. Òun ni èyí tí ikọ̀ ológun kan bá ti kojú ikọ̀ ológun mìíràn. Lórí ìwé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni. Kò sí owó ńlá níbẹ̀, bóyá ife kékeré kan àti oúnjẹ tí gbogbo wọn á jọ jẹ lẹ́yìn eré. Àmọ́ tí adájọ́ bá ti fọn fèrè tán, ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n mọ́.

Kí ló ń mú irú eré yìí le tó bẹ́ẹ̀? Kí ló lè ṣe ara àgbà nínú rẹ̀? Kí sì ni ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí gbogbo wọn lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sílé? Ohun tí a fẹ́ là yé ara wa lónìí nìyẹn, nítorí pé kì í ṣe Zanguéra nìkan ni wọ́n ti ń gbá a. Ní Atakpamé, ní Kétou, ní Pobè, ní Sakété, níbi gbogbo tí àwọn àgbà bá ti ń kó ara wọn jọ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ta ni à ń pè ní vétéran?

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 35 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ń kà mọ́ vétéran. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ orí tó bá wù ú. Àwọn kan ní kó pé 35, àwọn kan ní kó pé 40. Ní Lomé, ẹ máa gbọ́ kí wọ́n pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní «doyens» pẹ̀lú. Orúkọ yòówù kí wọ́n jẹ́, ohun kan náà ni: àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe wọn, tí ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Ní ti àwọn ológun, ọ̀rọ̀ yìí tún ní adùn tirẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú iṣẹ́ ogun gan-an ni «vétéran» ti jáde wá? Láyé àwọn ará Róòmù àtijọ́, «veteranus» ni wọ́n ń pe ṣọ́jà tó ti sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, tí àgbà ṣọ́jà bá wọ bàtà bọ́ọ̀lù, vétéran lọ́nà méjì ni: vétéran ogun àti vétéran pápá.

Nínú irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń sáré láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, èémí rẹ̀ ṣì gùn. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé orí àga ló ti ń jókòó látìgbà náà. Àwọn méjèèjì á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jọ jáde sí pápá, olùworan á sì máa rò pé agbára wọn dọ́gba. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kí ló dé tí ti ológun fi máa ń le?

Ìdí àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹgbẹ́. Ṣọ́jà orí ilẹ̀, ti ojú omi, ti òfurufú, gendarme, ọlọ́pàá: olúkúlùkù ló gbà pé ẹgbẹ́ tòun ló lágbára jù. Lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò lè dán ara wọn wò, nítorí pé orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ń sìn. Orí pápá nìkan ni àyè wà láti mọ ẹni tó jù. Bí ikọ̀ kan bá pàdánù, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí kejì ni ipò. Ní bárékè, kọ́nẹ́ẹ̀lì ni kọ́nẹ́ẹ̀lì, caporal ni caporal. Tí kọ́nẹ́ẹ̀lì bá ń kọjá, caporal á nàró gbọnrangandan, á sì kí i. Lórí pápá ńkọ́? Caporal lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ kọ́nẹ́ẹ̀lì, kó gbé e gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí gbogbo ìlú sì rẹ́rìn-ín. Òfin bọ́ọ̀lù kò mọ ọ̀gá. Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kì í já nírọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Sátidé, ẹ wo bó ṣe máa rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú! Ó di dandan kó lé ọmọ náà bá, ara rẹ̀ ìbáà má gbà á.

Ìdí kẹta ni ìkọ́ṣẹ́ wọn. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́jà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sá, kò gbọ́dọ̀ fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Ìwà rere ni lójú ogun. Lórí pápá àwọn àgbà, ó lè di ewu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1872, wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje FA Cup àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pápá Kennington Oval ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ méjì náà jẹ́ ti ṣọ́jà: Royal Engineers, àwọn ológun tó ń ṣe afárá àti ọ̀nà. Eré kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí egungun èjìká ọ̀kan nínú wọn, Edmund Cresswell, fi ṣẹ́. Nígbà yẹn, kò sí òfin pé kí ẹlòmíì wọlé rọ́pò ẹni tó bá ṣèṣe. Kí ni Cresswell ṣe? Kò jáde. Ó fi egungun ṣíṣẹ́ yẹn dúró sí pápá títí eré fi parí. Ikọ̀ Wanderers ló borí wọn ní ayò kan sí òdo, ṣùgbọ́n títí dòní ni wọ́n ṣì ń sọ ìtàn Cresswell. Ọdún 1875 ni Royal Engineers tó gba ife náà.

Ẹ rí i báyìí: láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ti ní ife ni ṣọ́jà ti ń fi orí kunkun gbá a. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin ni Cresswell. Egungun ọmọdé máa ń tètè so. Bí ọmọ ọdún 55 bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, ìtàn náà lè yàtọ̀.

Bọ́ọ̀lù àwọn ológun ní Áfíríkà

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ológun kò kẹ̀rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Ní Morocco, AS FAR ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ogun. Ọdún 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni ẹgbẹ́ Morocco àkọ́kọ́ tó gba ife àwọn akọni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1985. Ní Angola, 1º de Agosto jẹ́ ti ológun. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní Rwanda, APR ni tiwọn. Ní Zambia, Green Buffaloes jẹ́ ti ṣọ́jà orí ilẹ̀, Red Arrows jẹ́ ti àwọn ológun òfurufú.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Niger. Nínú ìlú Niamey kan ṣoṣo, ẹ máa bá AS FAN tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun, AS GNN tó jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́ orílẹ̀-èdè, àti US GN tó jẹ́ ti àwọn gendarme. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé ìbọn fún ìjọba kan náà, gbogbo wọn sì ni wọ́n ń du ife kan náà. Ní Togo níbí, ASFOSA ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ àwọn ológun.

Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹgbẹ́ tó ní olùkọ́ni, tó ní dókítà, tí àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ nípa ti Zanguéra àti irú rẹ̀ ni pé ìtara kan náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí yàtọ̀, kò sì sí dókítà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí eré náà ṣe máa ń yí padà

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ti wo mélòó kan rí, á mọ̀ pé bó ṣe máa ń lọ nìyí.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni. Wọ́n ń pe ara wọn ní «mon colonel», «chef», «le vieux». Bọ́ọ̀lù ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ṣubú, ẹni tó gbé e ṣubú ló máa fà á dìde. Àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á gba bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ayò kan sí òdo. Ìgbà yìí ni nǹkan á yí padà. Àwọn tí wọ́n gbá wọlé fún á dákẹ́. Ẹ̀rín á tán lójú wọn. Atamátàsé wọn tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Adíléémú tó ń fi ọwọ́ gbá ènìyàn jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá wọn. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹnì kan á ké pé: «Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o!»

Tó bá fi máa di abala kejì, oòrùn ti mú. Èémí ti ń kúrú. Ara tó ti rẹ̀ kì í lè dé ìdí bọ́ọ̀lù lásìkò, nítorí náà ẹsẹ̀ ènìyàn ni bàtà á bá. Ibí yìí ni ìṣubú burúkú ti máa ń wáyé, ibí yìí náà ni àríyànjiyàn pẹ̀lú adájọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ayò á di kan sí kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbá ọ̀mì. Ẹni tó yẹ kó ti jáde láti ìṣẹ́jú ogún sẹ́yìn, á ní: «Mi ò jáde, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀.»

Gbólóhùn yẹn, «ẹ jẹ́ n parí ẹ̀», òun ló yẹ kó ba gbogbo wa lẹ́rù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó gbọ́jọ́ lórí tí kò mọ orúkọ Samuel Okwaraji. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré ìjọba tó wà ní Surulere, Èkó, ó ṣubú lójijì níbi tí Nàìjíríà ti ń kojú Angola. Ọmọ ọdún 25 ni. Kò dìde mọ́. Ọkàn ló dá a dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Marc-Vivien Foé ọmọ Cameroon ṣubú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kojú Colombia. Ọmọ ọdún 28 ni òun. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣubú.

Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn dókítà ṣàlàyé pé láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 35, ohun tó sábà máa ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀ ni àléébù ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti lé ní 35, ohun tó sábà máa ń fà á ni kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn dí. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kó yá. Tí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn tó o. Tó bá ń sáré lé caporal ọmọ ọdún 36 nínú oòrùn, ọkàn á béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà á sì há.

Nítorí náà, ẹ má fojú kéré àwọn àmì wọ̀nyí: kí àyà máa dunni tàbí kó máa funni pọ̀ nígbà tí a bá ń sáré, kí ìrora máa gba èjìká tàbí apá òsì lọ, kí èémí máa tán ju ti àtẹ̀yìnwá, kí òòyì máa kọ́ni, kí ènìyàn dákú lẹ́nu eré. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, kó sì lọ rí dókítà kó tó tún fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ìwà ojo. Ṣọ́jà tó bá gbọ́ ìró ìbọn, tó dọ̀bálẹ̀, ṣé ojo ni? Ọlọ́gbọ́n ni.

Yàtọ̀ sí ọkàn, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tún wà, èyí tó so iṣan ojúgun mọ́ gìgísẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 30 sí 50 tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń já. Ẹni tó já fún á rò pé ẹnì kan ló ta òun nípàá látẹ̀yìn. Á wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Oṣù púpọ̀ ni yóò fi jókòó sílé.

Òfin gba àgbà láàyè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí a bá dín ìṣẹ́jú eré kù, a ti sọ bọ́ọ̀lù di ti ọmọdé. Kò rí bẹ́ẹ̀. IFAB, ìyẹn àjọ tó ń kọ òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé a lè ṣe àyípadà fún àwọn vétéran, bí wọ́n ṣe lè ṣe é fún àwọn ọmọdé àti àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun tí wọ́n gbà láàyè nìyí:

• A lè dín gígùn àti fífẹ̀ pápá kù.
• A lè dín ìṣẹ́jú abala méjèèjì kù, kó ṣáà dọ́gba. Ìṣẹ́jú 30 sí 30 tàbí 35 sí 35 kò lòdì sófin.
• Ẹni tó ti jáde lè tún padà wọlé. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ ńlá, ẹni tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn.
• Adájọ́ lè ní kí ẹni tó gba káàdì yẹ́lò lọ jókòó síta fún ìgbà díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, kó tó padà wọlé. Nínú eré ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 10 ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wo ti ẹ̀kẹta yẹn dáadáa, nítorí pé òun ni oògùn «ẹ jẹ́ n parí ẹ̀». Àgbà kì í fẹ́ jáde nítorí ó mọ̀ pé òun ò ní padà wọlé mọ́, àwọn ènìyàn á sì sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ pé òun kàn fẹ́ lọ mu omi, kóun sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóun sì padà, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, iyì rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Ti ẹ̀kẹrin náà, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láàárín àwọn ológun, ìbínú máa ń yára gbóná, ó sì máa ń yára tutù. Ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti paná rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ adájọ́. Ẹ má ṣe mú adájọ́ láti inú ọ̀kan nínú ikọ̀ méjèèjì. Bí adájọ́ bá jẹ́ sergent, tí ẹni tó ṣẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, báwo ló ṣe máa yọ káàdì pupa? Ẹ wá aráàlú tó mọ òfin, tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè ìkíni kankan.

Ohun tó yẹ ká ṣe kí fèrè tó dún

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Olórí ikọ̀ tàbí olùṣètò kò nílò owó ńlá fún àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè wọn ti gbogbo ikọ̀ méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù lọ́jọ́ náà, kó jókòó, kó máa ṣe olùkọ́ni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí olúkúlùkù lọ bá dókítà kó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, pàápàá ẹni tó ti lé ní 40, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Èkejì, ẹ mú ara gbóná. Rírìn, sísáré jẹ́jẹ́, títẹ orúnkún, nínà iṣan fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àwọn àgbà máa ń kánjú fò ó kọjá, wọ́n á ní àwọn ti gbóná láti ilé. Irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì parí kí oòrùn tó mú. Ẹ dúró mu omi láàárín abala kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ọtí kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù. Ti ẹ̀yìn eré ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa ọkọ̀ kan tì tí kò ní lọ síbì kankan. Láti Zanguéra dé CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin, kì í ṣe ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí awakọ̀ mọ ọ̀nà, kí nọ́mbà àwọn pompier àti ti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù wà lórí fóònù rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ṣubú

Tí ẹnì kan bá ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kàn án, tí kò dáhùn, tí kò mí tàbí tó ń mí lọ́nà tí kò dáa, ẹ má bu omi sí i lójú, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì pé lé e lórí. Kí ẹnì kan pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnì kejì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà rẹ̀ gan-an, kó gbé ọwọ́ kejì lé e, kó na apá méjèèjì gbọọrọ, kó sì máa tẹ àyà náà wọlẹ̀ kíákíá. Kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó jẹ́ kó padà sókè, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dúró títí olùrànlọ́wọ́ fi máa dé.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní défibrillateur, tó ń ta iná sí ọkàn kó lè padà lù bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìlo ẹ̀rọ yìí máa ń dín ìrètí ẹni náà kù ní ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò bá sí ẹni tó ń tẹ àyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ọmọ Denmark ṣubú ní Copenhagen bí Okwaraji ṣe ṣubú. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n lo ẹ̀rọ náà, ó sì yè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti padà sórí pápá.

Ní ti èyí, àwọn ológun ní àǹfààní tí àwa yòókù kò ní. Nínú iṣẹ́ wọn, àwọn tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì wà. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá. Kó tó di pé ẹ̀ ń pín aṣọ eré, kó fi ìdajì wákàtí kọ́ gbogbo yín bí a ṣe ń tẹ àyà. Ìdajì wákàtí yẹn lè gba ẹ̀mí là ní pápá, ó lè gbà á là ní ilé, ó lè gbà á là ní ọjà.

Ṣé kí àwọn àgbà jáwọ́ ni?

Rárá o! Kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́. Ẹni tó bá jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, òun gan-an ló wà nínú ewu jù. Ní Denmark, ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Krustrup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọkùnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jọ, ọmọ ọdún 31 sí 54. Wọ́n ní kí àwọn kan máa gbá bọ́ọ̀lù ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, nọ́mbà òkè ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀, nọ́mbà ìsàlẹ̀ náà sì ti wálẹ̀. Ọdún 2013 ni ìwádìí náà jáde. Bọ́ọ̀lù gan-an lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, déédéé, pẹ̀lú àyẹ̀wò. Ẹni tó ń jókòó fún oṣù mẹ́ta, tó wá jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti lọ gba ẹ̀san lára àwọn gendarme, kì í ṣe oògùn ló ń lò yẹn.

Èrè mìíràn tún wà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, ní ọdún 1948, orílẹ̀-èdè márùn-ún, ìyẹn Belgium, Denmark, Faransé, Luxembourg àti Netherlands, dá àjọ eré ìdárayá àwọn ológun sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CISM. Àkọlé tí wọ́n fún un ni pé kí eré ìdárayá máa so wọ́n pọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ṣọ́jà ló mọ ohun tí ogun jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí ìdíje parí sórí pápá.

Ní Lomé, ẹ̀yìn eré ni a ti máa ń rí i. Àwọn ará Faransé ń pè é ní «troisième mi-temps», abala kẹta. Àwọn tó ń ti ara wọn lulẹ̀ ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn á jókòó yí àwo kan ká. Kọ́nẹ́ẹ̀lì á bu ẹran fún caporal tó gbé bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Wọ́n á tún eré náà gbá láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́nu lásán. Wọ́n á bára wọn jiyàn lórí pẹnáritì tí adájọ́ kò fún wọn. Wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn.

Abala kẹta yìí ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí àga ẹnikẹ́ni ṣófo níbẹ̀. Ẹ gbá a kó le, ẹ gbá a kó gbóná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n tí ara bá ní kó o jáde, jáde. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.